Òfìfo Tí Ó Níṣẹ́: Bí A Ṣe Lè Fi Agolo, Igò àti Ike Àlòkù Tún Ilé Ṣe

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Bàrígà)

Àwọn tí ó ṣètò ìjókòó yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè tún ilé rẹ̀ ṣe. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́, nítorí pé yàrá kan ṣoṣo ni mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin ní Ṣómólú. Bí mo bá ní ìmọ̀ kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí, inú yàrá náà ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹ̀yin náà mọ irú ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ní Ṣómólú àti Bàrígà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni ó la ilé já, yàrá kọjú sí yàrá ní ọ̀tún àti ní òsì, gbogbo ayálégbé sì jọ ń lo ilé ìdáná kan àti ilé ìwẹ̀ kan. Nínú yàrá kan náà ni ibùsùn wà, ibẹ̀ ni àpótí aṣọ wà, ibẹ̀ ni gààrí àti ẹ̀wà wà, ibẹ̀ ni ìwé àwọn ọmọ wà, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń kírun. Bí ohun gbogbo kò bá ní àyè tirẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ kírun yóò kọ́kọ́ gbé ìkòkò kúrò nílẹ̀, ẹni tí ó sì ń wá oògùn ibà ọmọ ní òru yóò máa fọwọ́ tá nǹkan nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó lówó lè ra kọ́bọ́ọ̀dù. Àwa tí a kò lè rà á ńkọ́? Ṣé kí a jókòó sínú rúdurùdu títí owó yóò fi dé ni? Rárá o. Ohun tí a óò fi ṣe ètò wà nílé wa tẹ́lẹ̀. A kàn ń sọ ọ́ nù ni, tàbí kí a máa kó o jọ sábẹ́ ibùsùn láìní ìdí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Òfìfo tí a kò mọ ìtàn rẹ̀, tí a kò sọ ní orúkọ, tí a kò sì fún ní àyè, ewu ni nínú ilé. Ṣùgbọ́n èyí tí a mọ ìtàn rẹ̀, tí a sọ ní orúkọ, tí a sì fún ní àyè, ohun ìní ni. Gbogbo ohun yòókù tí n óò sọ, àlàyé lórí èyí ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn níláti sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti kọsẹ̀. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, sítóòfù elépo òyìnbó ni gbogbo wa ń lò. Ní ọjọ́ kan, mo ra epo dé, mo sì rí i pé kẹ́ẹ̀gì tí mo máa ń rọ ọ́ sí ti ń jò. Igò mínírà kan wà nílẹ̀. Mo rọ epo náà sí i, mo ká bébà, mo fi dí i lẹ́nu, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Èrò mi ni pé n óò lò ó tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ aládùúgbò mi, tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta, ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ láti ibi eré, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó rí igò tí ó mọ̀. Bàbá rẹ̀ a máa ra irú rẹ̀ fún un ní ọjọ́ ọdún. Ó yọ bébà náà, ó sì gbé igò sẹ́nu.

Ariwo ta. Gbogbo ilé tú síta. Ẹnì kan ní kí a bu epo pupa fún un mu, ẹlòmíràn ní kí a ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. A ṣe méjèèjì. Nígbà tí a óò fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà bá wa wí gidigidi. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀fóró ni epo òyìnbó máa ń bà jẹ́ ju inú lọ, àti pé nígbà tí ọmọ bá ń bì ni epo náà ń ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìtọ́jú tí a rò pé a ń ṣe ni ó dá kún ìyà ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó lò lórí ibùsùn kí Ọlọ́hun tó dá a padà fún wa. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ohun tí ó sọ kò ju pé, "Ìyàwó, báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ mọ̀ pé epo ni?" N kò rí èsì fún un. Ọmọ náà ti di géńdé báyìí, a sì máa kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí a bá pàdé lọ́nà, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbàgbé ìbéèrè ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu epo òyìnbó, ẹ má ṣe mú un bì. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì fún un ní mílíìkì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú igò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí a kúkú máa da gbogbo òfìfo nù. Èyí kò tọ̀nà. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa ni lílo òfìfo, ọgbọ́n náà sì dára. Ẹ wo ọjà Bàrígà, tàbí ọjà mìíràn ní Èkó. Òfìfo ni ó ń ṣe ìdájọ́ láàárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà. Agolo mílíìkì ni a fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀pà fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Agolo tòmátì De Rica ti di òṣùwọ̀n débi pé a kì í rántí tòmátì mọ́ nígbà tí a bá ní kí wọ́n wọn dẹ̀rìkà ẹ̀wà méjì fún wa. Ike ọ̀dà onílítà mẹ́rin ti di òṣùwọ̀n gààrí. Kí ìwọ̀nyí tó dé, garawa ni. Inú agolo onígun mẹ́rin tí ó gba gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ni epo òyìnbó máa ń wà dé etí òkun wa láyé àtijọ́. Nígbà tí epo inú rẹ̀ bá tán, àwọn ìyá wa a sọ agolo náà di ohun ìpọnmi àti òṣùwọ̀n epo pupa.

Kí ni ó mú kí àwọn òfìfo wọ̀nyí wúlò? Gbogbo ènìyàn ni ó mọ orúkọ wọn, gbogbo ènìyàn sì ni ó mọ iṣẹ́ wọn. Bí ọlọ́jà kan bá lu ìdí agolo rẹ̀ wọnú kí ó lè dín òṣùwọ̀n kù, agolo náà ti di irọ́ nìyẹn, gbogbo wa sì mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa ẹni tí ń jí òṣùwọ̀n. Igò tí mo rọ epo sí lọ́jọ́ náà, irọ́ ni òun náà ń pa. Mínírà ni ojú rẹ̀ ń sọ, epo ni ó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí odindi ìlú rí. Láàárín ọdún 1987 sí ọdún 1988, àwọn oníṣòwò kan láti ilẹ̀ Ítálì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù tí pàǹtírí olóró kún inú wọn wá sí ìlú Kókó, ní Ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ́lì ìgbà náà, èyí tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà lónìí. Wọ́n tò wọ́n sí àgbàlá ọkùnrin kan tí wọ́n ń san owó ìyálélẹ̀ fún. Ìròyìn ìgbà náà fi yé wa pé àwọn ará ìlú kan, tí kò mọ ohun tí ó wà nínú wọn, da ohun inú dúrọ́ọ̀mù nù, wọ́n sì gbé wọn lọ sílé láti máa fi tọ́jú omi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì ni ó ta ìjọba lólobó. Ní ọdún 1988 náà ni wọ́n kó ẹrù náà padà, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lòdì sí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tí ó sì dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká. Ẹ má ṣe rò pé òpè ni àwọn ará Kókó. Dúrọ́ọ̀mù tí ó lágbára, tí ó ní ìdérí, tí a kò sì fi owó rà! Ta ni nínú wa tí kò ní gbé e?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a to ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹẹsẹ. Ohun márùn-ún ni ó yẹ kí a ṣe sí òfìfo kí ó tó di ohun èlò nínú ilé wa.

Èkíní, kí a mọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín òfìfo sí. Apá kìíní ni èyí tí oúnjẹ tàbí ohun mímu ti wà nínú rẹ̀: ike kọ́sítáàdì, ike bọ́tà, agolo Milo àti Bournvita, igò omi, igò òróró, kẹ́ẹ̀gì òróró. Ìwọ̀nyí nìkan ni oúnjẹ àti omi mímu tún gbọ́dọ̀ wọ̀. Apá kejì ni èyí tí ọṣẹ, ìpara, ọ̀dà tàbí yíǹkì ti wà nínú rẹ̀. Ìṣó, bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti òwú, okùn, ìyẹn ni tiwọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níbí. Agolo yíǹkì yín lẹ́wà, ìdérí rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e lọ fún ìyá yín kí ó fi bu iyọ̀ sí. Ẹ fi to irinṣẹ́ yín. Páálí tí bébà ń bá wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ni kí ẹ gbé lọ sílé, nítorí pé ó lágbára, ó sì dára fún aṣọ ọmọdé àti ìwé kíkà. Apá kẹta ni èyí tí oògùn apakòkòrò, oògùn apako, ásíìdì tàbí omi bátìrì ti wà nínú rẹ̀. Èyí kò ní iṣẹ́ kejì láyé. Ẹ lu ú ní ihò kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò, kí ẹ sì dà á nù.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn a máa wo nọ́ḿbà tí ó wà nínú àmì onígun mẹ́ta ní ìdí ike. Ó dára. Láti ọdún 1988 ni àwọn onílé-iṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn nọ́ḿbà náà. Nọ́ḿbà 1 wà ní ìdí igò omi àti igò mínírà oníke. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni irú ike bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a bu omi gbígbóná tàbí ògì gbígbóná sínú rẹ̀. Nọ́ḿbà 2 àti 5 ni ẹ óò sábà rí lára ike tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé irú ike tí ó jẹ́ ni nọ́ḿbà náà ń sọ. Kò lè sọ ohun tí ẹlòmíràn ti rọ sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Bí ẹ kò bá mọ ilé tí kẹ́ẹ̀gì ti wá, ẹ má ṣe fi pọn omi mímu.

Èkejì, kí a fọ̀ ọ́, kí ó sì gbẹ. Igò òróró tí ọwọ́ kò lè wọ̀, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ sí i, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì tútù sí i, ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín dáadáa. Ìrẹsì náà yóò ha inú rẹ̀ bí kànìnkànìn. Bí òórùn kò bá tán, omi ọsàn wẹ́wẹ́ yóò mú un kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ da ojú rẹ̀ dé sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ títí kò fi ní kù ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Ohun tí ń mú gààrí bu nínú ike ni ọ̀rinrin tí a kò jẹ́ kí ó gbẹ. Ní ti agolo tí a fi ọ̀bẹ ṣí, ẹ fi òòlù tẹ etí rẹ̀ wọnú kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a sọ ọ́ ní orúkọ. Bébà pẹlẹbẹ tí àwọn atẹ̀wé gé dànù pọ̀ ní Ṣómólú, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú ike àti ọjọ́ tí ẹ bù ú sí i, ẹ fi ẹ̀kọ tàbí sítáàsì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, kì í ṣe mọ́ ìdérí, nítorí pé ìdérí a máa pààrọ̀. Bí ìyá àgbà tí kò mọ ìwé kà bá wà nínú ilé, ẹ lẹ hóró ẹ̀wà mọ́ ike ẹ̀wà, kí ẹ lẹ hóró ìrẹsì mọ́ ike ìrẹsì. Ní ti epo òyìnbó àti oògùn ìfọlé, ẹ má ṣe rọ wọ́n sínú igò ohun mímu láéláé, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kẹ́ẹ̀gì tiwọn ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn, kí gbogbo ilé mọ̀ pé pupa túmọ̀ sí má fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kẹrin, kí a fún un ní àyè. Ohun tí ó wúwo, ìsàlẹ̀ ni. Ohun tí a ń lò lójoojúmọ́, ibi tí ọwọ́ ń dé ni. Ohun tí ó lè pa ènìyàn, òkè ni, níbi tí ọmọ kò lè dé bí ó tilẹ̀ gun àpótí. Oògùn ìwòsàn, inú ike kan ṣoṣo tí ó ní ìdérí ni, kí ó lè jẹ́ pé nínú òkùnkùn biribiri, ọwọ́ yín yóò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí a fi òǹkà sí i. Níbí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣìnà. A ń kó igò jọ nítorí pé a óò lò ó lọ́jọ́ kan, ọjọ́ náà kò sì dé. Abẹ́ ibùsùn kún, aáyán fi ibẹ̀ ṣe ilé, eku bímọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ogójì ike tí mẹ́wàá péré nínú wọn ń ṣiṣẹ́, ọgbọ̀n pàǹtírí ni ó ń bá gbé inú yàrá. Òfin tèmi nìyí: òfìfo tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe láàárín oṣù kan, ó ti di èrò ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí bí òfìfo kan ṣe lè gba ẹ̀mí là. Gbogbo wa ni ó mọ ohun tí kòkòrò ń fi ojú ẹ̀wà rí. Nítorí èyí ni àwọn ọlọ́jà kan fi ń da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà, tí àwa náà sì ń jẹ májèlé mọ́ mọ́ínmọ́ín. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa igò kékeré Sniper tí kò ju mìlílítà 100 lọ, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí kò la májèlé lọ. Ẹ sá ẹ̀wà tí ẹ rà kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì ṣà á. Ẹ wá igò omi tàbí igò mínírà oníke onílítà méjì tí kò ní ihò, tí inú rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ẹ bu ẹ̀wà sí i, ẹ máa gbọn igò náà kí ẹ̀wà lè jókòó, kí ẹ sì kún un dé ẹnu gan-an. Ẹ dé e pinpin, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ má sì ṣí i fún oṣù méjì. Kòkòrò ń mí bí àwa náà ti ń mí. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó kù láàárín ẹ̀wà ni yóò mí tán, nígbà tí kò bá sì rí òmíràn, yóò dáwọ́ jíjẹ àti bíbí dúró, yóò sì kú. Ìlànà yìí náà ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà fi ṣe àpò onípele mẹ́ta tí a ń pè ní PICS, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti ọdún 2007. Àgbẹ̀ ńlá nílò àpò. Fún ìdílé inú yàrá kan, igò mẹ́fà tó.

Omi ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà mọ̀ pé kò sí ẹ̀kán kan tí ó yẹ kí ó ṣòfò. Kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n dára fún omi mímu bí a bá fọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì sàn ju dúrọ́ọ̀mù lọ, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kéré, kò sì sí ẹni tí yóò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Dúrọ́ọ̀mù tí a fi ń gba omi òjò gbọ́dọ̀ ní ìdérí, kí a sì máa dà á kí a fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé ẹ̀fọn kò nílò ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ láti inú ẹyin di èyí tí ń fò. Ní ti àlùwàlá, ẹni tí kò bá ní bútà lè fọ igò omi kan tí kò kún lítà, kí ó sì yà á sọ́tọ̀ fún ìyẹn nìkan. A ti kọ́ wa pé mudu omi kan ni Ànábì wa máa ń fi ṣe àlùwàlá. Igò kékeré náà yóò máa rán wa létí pé omi díẹ̀ tó.

Ohun kan tún kù tí àwọn ọ̀dọ́ kì í kà sí, ìyẹn ni ìwé. Ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìbí, rìsíìtì owó ilé, ìwé yìgì. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, omi wọ ọ̀pọ̀ ilé, ó sì mú ẹ̀mí lọ pẹ̀lú. Ẹni tí omi bá ká mọ́lé kì í ní àyè láti ṣa ìwé láti inú àpótí mẹ́ta. Ẹ wá ike ọ̀dà ńlá tí ìdérí rẹ̀ le, èyí tí a ti fọ̀ tí ó sì gbẹ. Ẹ fi ọ̀rá di gbogbo ìwé náà, ẹ kó wọn sínú rẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e sókè. Bí omi bá dé, ike kan ṣoṣo ni ẹ óò gbé. Bí ó bá tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín, yóò léfòó.

Níkẹyìn, òfìfo tí a yọ kúrò nílé, níbo ni a óò gbé e sí? Kì í ṣe ojú gọ́tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìhà Ìlàjẹ ní Bàrígà, létí ọ̀sà, ẹ mọ ibi tí gbogbo igò tí a jù sí gọ́tà ń gbẹ̀yìn sí. Àwọn tí ń ra igò àti ike àlòkù ń kọjá ní àdúgbò wa, ẹ tà á fún wọn. Bilikiss Adebiyi-Abiola ni ó dá ilé-iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012. Ó fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kó ike àti agolo jọ láti ojú ilé, ó sì fi ẹ̀bùn san án fún àwọn ìdílé tí ó kó o jọ. Kí ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ níbí gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú etí méjèèjì.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni mo ń sọ láti àárọ̀. Ọmọ tí yóò gbé igò mu kì í béèrè ẹni tí ó gbé e sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju wákàtí kan lọ. Bí ẹ bá délé lónìí, kí ẹ tó jókòó, ẹ kó gbogbo igò, agolo àti ike tí ó wà nínú yàrá yín jáde síta. Ẹ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín pé: kí ni ó ti wà nínú èyí? Kí ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí? Bí ọmọdé bá rí i, kí ni yóò rò pé ó wà nínú rẹ̀? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ṣọ̀kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sun ilé yín mọ́jú. N kò rí ẹni bi mí ní ìbéèrè yìí nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun. Ẹ̀yin ti rí ẹni bi yín.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ilé wa àti àwọn ọmọ wa. Àmín. Wàsàlámù àláékùm.